Abẹ́rẹ́ Gún Mi, Mo Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Òru ni. Èmi nìkan ni mo wà ní wọ́ọ̀dù. Mo gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan tán, mo ní kí n dé ìdérí padà mọ́ abẹ́rẹ́ náà, ló bá gba inú ìbọ̀wọ́ gún mi ní àtàǹpàkò. Mo fi omi ṣàn án, mo dákẹ́. Ẹnu mátírọ́ọ̀nù ni mo ń bẹ̀rù ju àrùn lọ. Nígbà tí mo délé, n kò jẹ́ kí ọmọ mi fẹnu kan ife mi. Ife kì í kó irú àrùn bẹ́ẹ̀ ranni, mo sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

Ẹ má dé ìdérí mọ́ abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò. Inú àpótí rẹ̀ ni kí ẹ jù ú sí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ àpótí náà kó tó kún. Bó bá gún yín, ọṣẹ àti omi ni. Ẹ má tẹ ojú ibẹ̀, ẹ má da jíìkì sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ, ìbáà jẹ́ òru. Oògùn tó ń dènà HIV, láàárín wákàtí díẹ̀ ló dára jù. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, ó ti bọ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó.

HIV ni gbogbo wa ń sá fún, bẹ́ẹ̀ nínú 1000 ènìyàn tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ gún, bí 3 ló ń kó o. Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín 6 sí 30 nínú 100 tí kò gba àjẹsára. Ọjọ́ 7 ni kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára náà pé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù. Ọlọ́run yọ mí, n kò kó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ náà. Obìnrin tí mo ń sá fún kò bá mi wí rárá. Ó gbé àga fún mi, ó mú bírò, ó bi mí ní wákàtí tí abẹ́rẹ́ náà gún mi. Mo wolẹ̀, mo ní, "Ìjẹta ni, mà."