Àbàwọ́n Ojú Fèrèsé àti Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé nítorí ẹni tí ń fi fífọ fèrèsé gíláàsì jẹun ni àwọn baba wa ṣe pa òwe yìí, èmi kò ní bá a jiyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwe náà ti gbó kí gíláàsì tó di ohun tí a ń fi kọ́lé ní ilẹ̀ wa. Nínú ilé, ọmọdé tí ó ní àkísà kan àti omi ọṣẹ díẹ̀ lè nu ojú fèrèsé títí yóò fi dán; ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fèrèsé, èyí tí ó kọjú sí òjò àti oòrùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́ lù, tí ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí, tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní dúdú, tí àwọn akunlé sì ti ta ọ̀dà sí kí wọ́n tó gba owó wọn lọ, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ra bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó kàn ra bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni ó sì pọ̀ jù ní ìgboro: à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó bá yan iṣẹ́ yìí láàyò ni pé kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan àbàwọ́n tí kò tíì mọ orísun rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí ó dúró nísàlẹ̀, kí ó wo ilé náà tòkè-tilẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà lókè fèrèsé náà, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá níwájú rẹ̀. Àmì funfun tí ó rí tó-tò-tó ní apá ìsàlẹ̀ nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi sí koríko ni ó ta á sí i. Èyí tí ó ṣàn wálẹ̀ ní ìlà-ìlà láti òkè, ara kọnkéré ni òjò ti sábà máa ń fọ̀ ọ́ wá. Èyí tí ó dúdú tí ó sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, èéfín àti epo ni, omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọbọ́ sì ti tó o.

Ẹ jẹ́ kí a ya Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, àrómisá-lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. A máa ń wí pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bí gíláàsì bá lẹ́nu, ì bá wí tirẹ̀. Ní Lẹ́kí àti Ajah, àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí omi ìjọba kò dé, omi kànga ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣan ilé tí wọ́n sì fi ń bomi rin ọgbà, omi ibòmíràn a sì máa mú irin bọ̀ láti inú ilẹ̀: bí wọ́n ti ń fà á jáde ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti bà á tí irin náà, ohun ìní Ògún Lákáayé, yóò fi hàn síta ní àwọ̀ ìpẹtà. Omi mìíràn sì wà tí ẹfun inú òkúta ni ó gbé lọ́wọ́. Bí oòrùn bá fa omi náà gbẹ, ẹfun yóò jókòó sórí gíláàsì, yóò sì máa retí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a lọ́la. Ọṣẹ kò rí nǹkan fi wọ̀nyí ṣe. Ohun kíkan ni ó ń ṣí wọn: fínígà, tí ásíìdì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kí a rẹ aṣọ sínú rẹ̀, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a má jẹ́ kí ó gbẹ síbẹ̀, kí a fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí a sì tún un ṣe bí kò bá tíì tán. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Bí ìpẹtà bá ti nípọn ju agbára ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, oògùn tí ásíìdì oxalic wà nínú rẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ń lò, májèlé sì ni, ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Bílíìṣì kì í ṣí ìpẹtà, ṣe ni ó ń mú un rinlẹ̀ sí i. Bí a bá sì da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ń bo ilé wa, yanrìn kíkúnná sì wà nínú rẹ̀. Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1812 tí a fi ń mọ bí òkúta kan ti le ju èkejì lọ, láti 1 dé 10. Lórí òṣùwọ̀n yìí, gíláàsì kò ju nǹkan bí 5.5 lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí yanrìn ti wá jẹ́ 7. Nítorí náà ẹni tí ó bá mú àkísà gbígbẹ, tí ó fi nu eruku ọyẹ́, ilà ni ó ń kọ fún gíláàsì, olóòlà tí ẹnìkan kò ránṣẹ́ pè. Omi ni kí ó kọ́kọ́ dà sí i, omi púpọ̀, kí eruku bá a ṣàn lọ, kí ọṣẹ àti fóòmù tó tẹ̀ lé e.

Ìgbẹ́ ẹyẹ, ilé agbọ́n tí a fi amọ̀ mọ, ìwé ìpolongo ìbò tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ àti ọ̀dà tí ó ta sójú gíláàsì, rírẹ ni gbogbo wọn ń fẹ́ kí a tó fi irin kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ti rọ̀ ni abẹ yóò ṣiṣẹ́: abẹ tuntun, tí kò dógùn-ún, lórí gíláàsì tí omi ọṣẹ ń ṣàn lójú rẹ̀, kí a dà á dúbúlẹ̀ díẹ̀, kí a tì í síwájú nìkan, kí a gbé e kúrò kí ó tó padà, nítorí bí a bá ń wọ́ ọ síwá-sẹ́yìn, ẹ̀rúnrún tí ó bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni yóò ha ojú gíláàsì. Kí a sì kíyè sí igun gíláàsì kí a tó mú abẹ jáde. Bí àmì ilé iṣẹ́ bá wà níbẹ̀ tí ó sọ pé wọ́n ti fi iná yan án kí ó lè le, hóró kéékèèké lè ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, abẹ a sì máa wọ́ wọn kiri. Gíláàsì tí ń dán bí dígí níta sì lè ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí abẹ yóò bó. Fún irú wọn, fóòmù àti sùúrù nìkan ni.

Ní ti gbígbọn omi nù, ọ̀pá onírọ́bà ni, èyí tí Ettore Steccone, ọmọ Ítálì tí ó ṣí lọ sí California, fi idẹ ṣe ní 1936, tí àwọn afọfèrèsé kárí ayé kò sì tíì rí èyí tí ó borí rẹ̀. Kí a nu rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, kí a má sì ṣiṣẹ́ níbi tí oòrùn ti ń pa gíláàsì, nítorí omi yóò gbẹ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Omi sìmẹ́ǹtì a máa jẹ gíláàsì, omi òjò tí ó ti ara kọnkéré tuntun ṣàn wá a máa jẹ ẹ́, àbàwọ́n ẹfun tí ó ti pẹ́ lójú rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bí fínígà bá ti kọjá, tí abẹ ti kọjá, tí ojú rẹ̀ gbẹ tán tí kùrukùru funfun sì tún wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó wà lórí gíláàsì mọ́, gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ó ti jẹrà. Bí kò bá jinlẹ̀, lúbúlúbú cerium oxide tí a fi ń dán gíláàsì lè bá a mú un kúrò. Bí ó bá jinlẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kí oníṣẹ́ fi igun kékeré kan dán an wò kí ó tó dá iye owó, kí ó sì sọ òtítọ́ fún onílé. Ẹni tí ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe tí ó sì gba owó rẹ̀, olè ni lójú tèmi, bí ó ti wù kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Irú ìgbà yìí ni ẹlòmíràn ń lọ wá ásíìdì líle kiri. Ásíìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ sìmẹ́ǹtì yóò jẹ férémù àlùmíníọ̀mù. Ásíìdì hydrofluoric, tí ó lè yọ́ gíláàsì fúnra rẹ̀, ń gba ara ènìyàn wọlé dé egungun, nígbà mìíràn kí ìrora tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. A kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ. Òwe yìí kan náà ni mo fi ń kìlọ̀ nípa àkàbà, pé bí ó bá ga ní ẹsẹ̀ 12, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ 3, kí ó má sì súnmọ́ wáyà iná.

Ẹ̀yin onílé, ọwọ́ yín ni ó kù sí. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ tí ń bomi rin koríko kúrò níwájú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà àti akunlé ta ọ̀rá bo gíláàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú owó wọn. Ẹ pe afọfèrèsé ní kété tí ọyẹ́ bá ti lọ, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìnáwó. Nígbà tí ó bá sì dé, ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú ìgò ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣí géètì fún un.