Ikú Ọ̀rẹ́ Lọ́jọ́ Ogbó: Ohun tí Ọ̀fọ̀ Ń Ṣe sí Ara, àti Ohun tí Ìrìn-Àjò Lè Tú Sílẹ̀

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń wí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń rí ni pé ikú ojúgbà kì í pa òwe nìkan. Ó a máa wọ inú ara ẹni tó ṣẹ́ kù lọ, pàápàá bí onítọ̀hún bá ti di àgbàlagbà.

Ní Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ọmọ Yorùbá wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ epo rọ̀bì tàbí òwò ló gbé wọn débẹ̀ nígbà èwe, tí wọ́n sì darúgbó síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá papò dà, wọ́n sábà máa ń gbé òkú rẹ̀ padà sílé. Ọkọ̀ tó gbé pósí a ṣíwájú, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ a tẹ̀ lé e. Wọ́n á gba Choba, wọ́n á kọjá Ahoada àti Mbiama, wọ́n á gba orí afárá Patani sọdá odò, wọ́n á la Ughelli, Warri àti Sapele kọjá kí wọ́n tó dé Ìlú Bìní, kí wọ́n tó wá forí lé Òrè. Fún ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú tàbí Èkó, ọ̀nà náà ju 500 kìlómítà lọ, kò sì dùn ún rìn níbi gbogbo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omíyalé bo apá kan rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní agbègbè Ahoada tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò rí ibi gbà.

Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni ọ̀rẹ́ olóògbé máa ń wà. Bí wọ́n bá délé, ìlù ni yóò pàdé wọn. Àwọn ènìyàn á ní kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, pé àgbà ló lọ, ọpẹ́ ló yẹ. Opó ní ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún un láti ṣọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ ní àlejò tí ń bá wọn kẹ́dùn. Ọ̀rẹ́ kò ní ju ankó tó wọ̀ lọ. Wọ́n á ní kó jó, yóò sì jó. Lẹ́yìn náà yóò wọkọ̀ padà sí Port Harcourt, yóò sì bá àga tó ṣófo níwájú ilé. Fún ẹni tó ti bá olóògbé jẹ, tó ti bá a mu fún 40 ọdún, òkú ọ̀fọ̀ ni, ohun yòówù kí ará ìlú pè é.

Ìwádìí ti òun lẹ́yìn. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Australia àti láti Yunifásítì Stirling ní Scotland tẹ àbájáde kan jáde, èyí tí wọ́n gbé karí àkọsílẹ̀ ọdún 14 nípa ènìyàn 26,515 ní Australia. Nínú wọn, 9,586 ni ó ti pàdánù ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan, ó kéré tán. Ìlera ara àti ti ọkàn àwọn wọ̀nyí dín kù, ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú àwùjọ náà sì dín kù, àní títí di ọdún mẹ́rin. Ti obìnrin le ju ti ọkùnrin lọ, ẹni tí kì í jáde sáàárín ènìyàn ni kò sì tètè bọ̀ sípò.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 1969, Colin Murray Parkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìṣirò lórí ọkùnrin 4,486 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo wọn ti tó ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyàwó wọn sì ti kú. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, 213 nínú wọn kú, èyí tó fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí à bá retí lọ. Àrùn ọkàn ló gbapò iwájú nínú ohun tó pa wọ́n. Ní Japan, láti ọdún 1990, àwọn dókítà ti ń ṣàpèjúwe àìsàn ọkàn kan tí wọ́n sọ lórúkọ ìkòkò tí àwọn apẹja fi ń mú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ: takotsubo. Ìbànújẹ́ òjijì a mú kí èròjà tí ara ń pèsè nígbà ìpayà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, apá kan ọkàn a sì wú bí ìkòkò náà. Àwọn obìnrin tí wọn kò rí nǹkan oṣù mọ́ ló ń ṣe jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sàn bí wọ́n bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lọ́wọ́ àgbàlagbà 2,152 tí wọ́n ti tó ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti ní àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí, ìdá 7.1 sì ní in láàárín ọdún kan tó ṣáájú ìwádìí náà. Nítorí náà, kò tọ́ kí a máa wo àgbàlagbà tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kí a sì máa ní ogbó ni.

Fíìmù kan wà tó yẹ kí ẹni tó ní òbí àgbà wò. The Straight Story ni orúkọ rẹ̀, David Lynch ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1999. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ló dá lé. Ní ọdún 1994, Alvin Straight, ẹni ọdún 73 ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, gbọ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ẹ̀gbọ́n òun. Ojú rẹ̀ kò ríran tó láti gba ìwé àṣẹ awakọ̀. Ló bá gun ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, ó so ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì rin nǹkan bí 390 kìlómítà lọ sí ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ló gbà á.

Nínú fíìmù náà, ó dé ilé ọtí kan pẹ̀lú àgbàlagbà mìíràn tí kò mọ̀ rí. Mílíìkì ni ó ń mu ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò kọjú síra wọn. Ibẹ̀ ni ó ti sọ bí òun ṣe ṣèèṣì yìnbọn pa ẹlẹgbẹ́ òun lójú ogun, ọ̀rọ̀ tó ti gbé sínú láti ogun àgbáyé kejì. Èkejì náà sì sọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹnì kejì nímọ̀ràn kankan.

Bí bọ́ọ̀sì ìsìnkú ṣe rí gan-an nìyẹn. Ojú kò ko ojú, iwájú ni gbogbo wọn ń wò, ọ̀nà sì jìn. Ọkùnrin tí kò ní sunkún lójú agbo lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín Patani àti Ughelli, bí ẹnikẹ́ni kò bá yára pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú “ẹ mọ́kàn”. Ní Zimbabwe, láti ọdún 2006 ni dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó ti aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì ní àyíká ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì tẹ́tí sí i. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ó ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù.

Àmọ́ ìrìn-àjò náà ní ewu tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2007 pé bí ènìyàn bá jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó yẹ kí ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ nasẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru a fi oògùn tí ń mú ni tọ̀ sílẹ̀, kò sì ní mu omi, nítorí kò fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. Dókítà lè yí àkókò oògùn náà padà fún un. Kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú oúnjẹ lọ́wọ́, nítorí gosíló kì í wo aago.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ni ìṣọ́ra tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ọ̀fọ̀ náà ṣì le bí ti ọjọ́ kìíní, tí onítọ̀hún kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, WHO kà á sí àìsàn tó ní ìtọ́jú. Bí ó bá ń rù, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí ó pa oògùn tì, tàbí tí ó ń sọ pé òun náà fẹ́ máa lọ, kí a má ṣe dúró de oṣù mẹ́fà rárá. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Port Harcourt wà ní Alakahia, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ náà sì wà ní Rumuigbo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ Rumuigbo nítorí wọ́n rò pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń dun ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já geere, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹgbẹ́ tó ṣètò bọ́ọ̀sì lè ṣètò èyí pẹ̀lú kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Port Harcourt: ta ni yóò lọ kí bàbá náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni yóò lọ ní oṣù kẹta, ta ni yóò sì lọ bá a ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ tí olóògbé máa ń wá.