Tọkọtaya Nínú Eré Kẹ̀kẹ́ Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kẹ̀kẹ́ ológeere kò ṣàjèjì sí wa. Ẹlòmíràn fi ń lọ sí oko, ẹlòmíràn fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀kọ́ tòní dá lé lórí, wọn kò ṣe é fún títì. Orí òkè àti àárín òkúta ni wọ́n ti ń gùn ún. A ó wo bí ọkọ àti aya ṣe lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan sáré lórí rẹ̀ ní aṣálẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì padà sílé ní àlàáfíà.

Ìpínlẹ̀ Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni aṣálẹ̀ náà wà. Sonora ni orúkọ rẹ̀, ó sì nà wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ẹ má rò pé yanrìn lásán ló wà níbẹ̀ o. Igi pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ló bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní saguaro lè ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ó sì lè lo 150 ọdún láyé. Ó sábà máa ń ju 50 ọdún lọ kí ó tó yọ apá àkọ́kọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń péjọ ní àárín oṣù Fẹ́búárì sí ẹ̀bá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Oracle, ní àríwá ìlú Tucson. Wọ́n sọ eré náà ní 24 Hours in the Old Pueblo. Old Pueblo ni wọ́n fi ń ki ìlú Tucson. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìlú Àtijọ́. Láti agogo 12 ọ̀sán Sátidé títí di agogo 12 ọ̀sán Sọ́ńdè ni eré náà, tọ̀sán tòru. Àgọ́ àti ọkọ̀ á kún pápá náà, á dà bí ìlú. Wọ́n á dáná, wọ́n á ṣe fàájì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á pàtẹ ọjà wọn.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1976 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ dije láti orí òkè sí ìsàlẹ̀. Bíréèkì wọn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó tán, wọ́n á tún kì òmíràn sí i. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe pe eré náà ní Repack, èyíinì ni “tún un kì”. Nígbà tí ó fi máa di 1996, kẹ̀kẹ́ orí òkè ti wọ eré Olympic ní Atlanta.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a mú tọkọtaya kan láti ìlú Phoenix. A kò ní dárúkọ wọn, àpẹẹrẹ ni wọ́n. Ẹnì kan lè dá sáré nínú eré yìí, ẹni mẹ́rin lè kóra jọ, ẹni méjì náà lè ṣe é. Ẹni méjì ni tiwọn. Ìyípo kan tó nǹkan bí máìlì 16. Bí ọ̀kan bá dé, èkejì á gbéra. Bí ìyípo kan bá gbà wọ́n ní wákàtí 2, ìyípo 12 ni wọn yóò ṣe, 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 16 lọ́nà 6 jẹ́ 96. Máìlì 96 fún ọkọ, máìlì 96 fún aya, lórí òkúta.

Lórí ìwé, ìṣirò yìí dùn. Ṣùgbọ́n oorun ńkọ́? Kí ẹni tí ó dé tó jẹun, kí ó tó nu ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ó tún jáde. Àwọn mìíràn máa ń ṣe ìyípo méjì-méjì lóru kí èkejì lè sùn dáadáa. Ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀: wákàtí 4 lórí kẹ̀kẹ́ nínú òtútù. Ilé ni ó yẹ kí ọkọ àti aya ti fẹnu kò lórí èyí, kì í ṣe ní agogo 2 òru, nígbà tí oorun àti ìbínú bá ń jà lójú.

Ẹ̀gún ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Èyí tí ó burú jù ni ti igi cholla. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé ó ń fò mọ́ ènìyàn. Irọ́ ni, kì í fò. Ẹ̀ka rẹ̀ ló máa ń já wẹ́rẹ́ bí nǹkan bá kàn án, ẹ̀gún rẹ̀ sì ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀ ẹja. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ yín lápá, ẹ má fi ọwọ́ kejì fà á o, àbí kí ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà? Òòyà ni kí ẹ kì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ta á dànù. Èyí tí ó bá ṣẹ́ sínú ara, ẹ̀mú ni kí ẹ fi fà á.

Ní ti táyà, ọ̀pọ̀ wọn kì í lo tíúbù mọ́. Oje rọ́bà olómi ni wọ́n ń dà sínú táyà. Bí ẹ̀gún bá lu ú, afẹ́fẹ́ á ti oje náà wá sí ojú ihò, á gan síbẹ̀, á dí i. Kò lè dí ihò ńlá, nítorí náà ẹni tí kò mú tíúbù kan àti páńpù dání ń wá ìrìn ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló ṣe pàtàkì jù. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí ó ní ọ̀rinrin, òógùn á máa ṣàn, ènìyàn á sì mọ̀ pé omi ń jáde lára òun. Ní aṣálẹ̀, òógùn ti gbẹ kí ó tó ṣàn. Ara gbẹ, aṣọ gbẹ, omi sì ń lọ. Iyọ̀ funfun tí ó bá kù lára aṣọ ló ń tú àṣírí. Orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, ìtọ̀ á pọ́n. Omi lásán nìkan kò tó: iyọ̀ díẹ̀ àti oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn, torí ẹni tí ó bá mu omi lásán lámujù lè fi dín iyọ̀ ara rẹ̀ kù, kí ó sì dákú. Àpò omi tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni ẹni tí ó wà ní àgọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí èkejì bá dé. Bí ó bá ṣì kún, kí ó bèèrè ìdí. Kì í ṣe ìyọlẹ́nu.

Ní nǹkan bí agogo 6 ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kì í mú ooru dúró, nítorí náà òtútù lè mú kí omi dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkùnkùn náà á tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná méjì ló dára: ọ̀kan lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lórí àṣíborí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bá ojú yí sí kọ̀rọ̀. Bátìrì kì í pẹ́ nínú òtútù, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú èyí tí yóò ṣẹ́kù.

Lójú tiwa, ẹni tí ó wà ní àgọ́ lóru ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Kò sí ẹni tí yóò jí i. Bí ọkọ bá sùn gbàgbé, aya rẹ̀ á dé, á dúró nínú aṣọ tí òógùn ti rin, òtútù á sì wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, aṣọ gbígbẹ ni kí ọkọ kọ́kọ́ nà sí i, kí oúnjẹ tó dé, kí ìtàn tó dé. Bí ó bá rí i pé ó ń gbọ̀n, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, pé ìka rẹ̀ kò lè tú bọ́tìnì, kí ó má sọ pé ó ku ìyípo kan. Kí ó fi kúbùsù bò ó, kí ó fún un ní ohun gbígbóná mu, kí ó sì pe àwọn oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Ìyípo tí wọ́n ti ṣe, wọ́n ti kà á fún wọn.

Nítòsí òpin ìyípo, òkúta kan wà tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èrò máa ń péjọ síbẹ̀ wòran, wọ́n á máa hó yèè. Ọ̀nà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́. Aya inú àpẹẹrẹ wa gba orí òkúta lọ́sàn-án Sátidé. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí apá àti itan ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni ó gbà. Àwọn kan kígbe sí i, kò wò wọ́n. Ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ààlà, ó mú kóòtù àti omi dání.

Ìbéèrè: Bí ìyípo kan bá gba tọkọtaya yìí ní wákàtí 1 àti ààbọ̀, ìyípo mélòó ni wọn yóò ṣe ní wákàtí 24? Máìlì mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Kí ló dé tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń mú òòyà lọ sí aṣálẹ̀?