Àpótí Ìmọ̀: Àsẹ́ Kan fún Ọ̀pọ̀ Àpótí Ẹja Òkun
Ẹni tó ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì mẹ́ta lè so gbogbo wọn mọ́ àgbá àsẹ́ kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Omi á ṣàn gba páìpù sọ̀kalẹ̀, bakitéríà ara òkúta inú àgbá á sọ amóníà tí ẹja ń yọ jáde di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ẹ̀rọ á sì fa omi náà padà sókè. Omi púpọ̀ kì í tètè yí padà: iyọ̀ rẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan, á dúró déédéé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àgbá o. Bí iná bá lọ, omi òkè á ya wálẹ̀. Ewu tó tóbi jù ni àìsàn, torí omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Oògùn oníbàbà tó ń wo ẹja sàn a sì máa pa edé àti iyùn. Nítorí náà, àpótí ọ̀tọ̀ tí a kò so mọ́ àgbá náà ni ti ẹja tuntun.