Bí Ẹ Ó Ṣe Tọ́jú Imú Tí Wọ́n Fi Eegun Rírọ̀ àti Gọ́ọ̀mù Tún Ṣe

Bí imú ènìyàn bá fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, dókítà lè bu eegun rírọ̀ láti etí, láti àárín imú fúnra rẹ̀ tàbí láti ìhà, kí ó fi tún un ṣe. Irú ohun tí à ń pè ní bísíkíìtì bóònù nínú ọbẹ̀, tí à ń rún wómúwómú, náà ni. Nígbà mìíràn, dókítà á gé e wẹ́wẹ́ tí kò ní tó mìlímítà kan, á fi gọ́ọ̀mù pa á pọ̀, á sì mọ ọ́n bí ẹni ń mọ amọ̀.

Ẹ béèrè irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ lò

Ti inú ni fibrin. Omi méjì ni: bí wọ́n bá ti kan ara wọn, wọ́n á dì bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì lójú ọgbẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ara fi ń jẹ ẹ́ tán. Ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ti sábà ń yọ ọ́. Bí ẹ̀sìn yín kò bá gba ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè sọ.

Ti òkè awọ ni cyanoacrylate. Mọ̀lẹ́bí súpà gúlùù ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi ti ìsọ̀ kan ọgbẹ́ láéláé.

Ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú bí ẹ bá ń lo aspirin tàbí àgbo, tàbí bí àpá yín bá máa ń wú di kílọ́ìdì.

Ìdí tí imú fi gbọ́dọ̀ sinmi

Eegun rírọ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹran tó yí i ká ló ń fún un lóúnjẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sé sáàárín wọn, tàbí tí gọ́ọ̀mù nípọn jù, ebi á pa á kú. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fọ́n gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ má da ibẹ̀ láàmú.

Bí ẹ bá délé

1. Ẹ fi irọ̀rí méjì gbé orí sókè bí ẹ bá ń sùn.
2. Ẹ má fun imú. Bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ la ẹnu.
3. Ẹ má gbé awò ojú lé imú títí dókítà yóò fi gbà.
4. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa.
5. Gọ́ọ̀mù òkè awọ á dà bí ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10 ni yóò ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ má ha á, ẹ má sì fi Vaseline, òrí tàbí Robb pa á, nítorí wọ́n ń tú u.
6. Bí omi bá ta sí i, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má nù ún.

Ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an bí imú bá ṣàdédé wú tó ń ro yín, bí ó bá gbóná, bí ó bá ń ṣọyún tàbí rùn, bí awọ orí rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí bí ibà bá mú yín. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.