Eré Ìdíje Kẹ̀kẹ́: Ọrùn Ta Ni Ẹrù Ààbò Wà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹgbẹ́ kan bá pe èèyàn síbi ìdíje kẹ̀kẹ́, tí ẹnì kan sì kú síbẹ̀, ǹjẹ́ ẹgbẹ́ náà lè sọ pé, “Òun ló fúnra rẹ̀ gùn ún”? Ẹ jẹ́ kí a fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́.

Èkíní, àṣẹ. Òfin ìrìnnà ọdún 1988, abala 31, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi kẹ̀kẹ́ díje lójú títì láìgba àṣẹ. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ jẹ̀bi, ẹni tó kópa náà jẹ̀bi.

Èkejì, ìfitónilétí. Lábẹ́ ìlànà ọdún 1960, olùṣètò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá ní ọjọ́ 28 ṣáájú, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹta, ìṣọ́ra. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣubú. Ṣùgbọ́n bí a bá rí kòtò lójú ọ̀nà tí a dákẹ́, tí a kò fi èèyàn sí oríta eléwu, ẹ̀bi lè jẹ́ tiwa.

Ẹ̀kẹrin, ìwé ìbuwọ́lù. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ọdún 2015 kò gbà kí oníṣòwò fi ìwé bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi ikú tàbí ìpalára tí àìbìkítà rẹ̀ fà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó pe eré ni àgbà ọjà náà. Nítorí náà, kí a tó lu fèrè, kí a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wa rin ọ̀nà náà.