Gíà Tí Kì Í Tètè Mú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀, tí ẹ ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́ kiri Èkó, ọ̀rọ̀ gíà ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe gíà ayé ìgbà tiwa. Altima láti 2007, Accord 2013 oní-sílíńdà mẹ́rin, ọ̀pọ̀ Corolla 2014 tó ti Amẹ́ríkà wá, gíà tí wọ́n ń pè ní CVT ló wà nínú wọn. Bẹ́líìtì onírin kan ń bẹ láàárín pọ́ọ̀lì méjì. Bí pọ́ọ̀lì ṣe ń fẹ̀ tó ń sún mọ́ra ni bẹ́líìtì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lára wọn. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di ara wọn mú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó ṣáná sí mọ́tò láàárọ̀, ẹ ó fa gíà láti P sí D, ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kò ní lọ. Ẹ́ńjìnì ń dún, òun dúró gbagidi. Ó di ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta kó tó ta gìjì síwájú. Ọ̀pọ̀ yín á wá tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Kílọ́ọ̀ṣì inú gíà ò tíì mú tán. Bó bá ṣe pé orí eré ló ti bá ẹ́ńjìnì, jíjó ni yóò máa jó.

Ẹ kíyè sí ìgbà tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ti dín, tàbí pé rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́ ti gan, tí ọ́ìlì fi ń ṣàn padà sísàlẹ̀ lóru. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀ṣòdì ni, ọ̀ràn tó wúwo jù ni: ọ́ìlì gbígbóná ti ṣàn jù, pọ́ǹpù tó ti jẹ ò sì rí i tì mọ́. Àwọn kan á ní ó ṣáà ń gbé àwọn dé ibi tí àwọn ń lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Bí mẹkáníìkì bá gbọ́ èyí tó ní kí ẹ lọ ra gíà Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, ní ọjà Ládípọ̀, ẹ ní kó rọra. Ọ́ìlì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ gíà yìí ò ní gééjì. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ láti mọ ibi tó dé. Ẹni tí ò ní skánà tó ń ka ooru ọ́ìlì, àfojúbù ló ń ṣe. Àwọn kan sì ń rọ ATF pupa, ọ́ìlì gíà ayé ìgbà tiwa, sínú CVT, wọ́n ní ọ́ìlì gíà ṣáà ni. Rárá o. NS-3 ni Altima 2013 ń mu, HCF-2 ni ti Accord yẹn. Wọ́n ṣe ọ́ìlì CVT kí irin lè di irin mú láìyọ̀. ATF ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì á sì máa họ pọ́ọ̀lì lára.

Bí wọ́n bá tú àwo abẹ́ gíà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín wo mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ìdọ̀tí aláwọ̀ eérú tó kúnná bí àtíkè ò burú. Bó bá jẹ́ èérún irin tó ń dán ni, ẹ má náwó ọ́ìlì mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Belgium tó délẹ̀.

Bí mọ́tò bá kọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so okùn mọ́ ọn kí wọ́n máa wọ́ ọ lọ. Pọ́ǹpù kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, gbígbẹ ni inú gíà á máa yí. Ẹ sanwó ọkọ̀ tó máa gbé e sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rà, ẹ lọ ní kùtù, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́rọ́, ẹ béèrè ìdí. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa gíà sí R, lẹ́yìn náà sí D. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ó yẹ kára yín ti mọ̀ pé ó mú. Bó bá ń falẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ní kò tíì gbóná ni, ẹ yọ owó gíà kúrò nínú iye tó pè, tàbí kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀.